Àlùwàlá Nídìí Ọkọ̀ Olókùn

Lọ́jọ́ tí èmi àti ìyàwó mi wà pọ̀ kẹ́yìn, ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ mi kí òun lè gbálẹ̀. Mo ń ka ìwé ìròyìn. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, n kò gbé tòsì. Ó gbálẹ̀ yí ẹsẹ̀ òsì mi ká, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ti ń fojú kéré látọjọ́ pípẹ́ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́, ìlú bàbá rẹ̀, a sì sin ín bí ẹ̀sìn wa ti wí.

Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí n má baà tún un sọ mọ́. Ìrìn-àjò ni mo fẹ́ kọ, mo sì ti pẹ́ kí n tó kọ ọ́.

Ọkùnrin tí aya rẹ̀ bá kú ní agbègbè wa kì í wá olùdámọ̀ràn tì. Kí a tó ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán, àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ti fi fọ́tò obìnrin mẹ́ta hàn mí lórí fóònù, wọ́n ń fi ìka gbá wọn kọjá bí ẹni ń yan aṣọ. Wọ́n ní ọkùnrin kì í dá gbé, pàápàá irú tèmi. N kò lè bá wọn jiyàn. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, fisíìsì ni mo kọ́ àwọn ọmọ yín. Mo lè ṣàlàyé ìdí tí omi fi ń hó, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé ìkòkò sí nínú ilé mi.

Múínátù, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, ló gbà mí lọ́wọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì ni ní ilẹ̀ Switzerland. Ó ní kí n wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ òun kí ọkàn mi lè fúyẹ́. Mo gbà. N kò mọ̀ pé oṣù mẹ́ta náà ní ìrù.

Ìlú tí wọ́n tò bí àwo

Bí mo ṣe gba ìwé àṣẹ àti bí bàálù ṣe gbé mi, ẹ bi àwọn tó fẹ́ràn láti máa sọ ọ́. N kò sì ní dárúkọ ìlú náà, nítorí ọmọ mi ṣì ń gbé ibẹ̀, ó sì ti ní ojú ti òun tó.

Àwa ará Ìkòròdú ní ohun tí à ń pè ní òkè. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ni, tó ti etí ọ̀sà Ìpakodò bọ̀ wá sí ìgboro, tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gùn tó ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ náà ní tiwọn, wọ́n sì fi ń yangàn. Kí gbogbo wa dákẹ́. Ní ìlú tí mo dé yìí, ṣe ni wọ́n to ilé lé ilé lórí bí àwo. Òrùlé aládùúgbò rẹ wà lábẹ́ fèrèsé rẹ. Bí aṣọ rẹ bá já bọ́ lórí okùn, àdúgbò mìíràn ni wàá ti lọ mú un. Ìlú ìsàlẹ̀ wà létí odò, ìlú òkè, níbi tí Múínátù ń gbé, wà lórí àpáta, ohun tó wà láàárín méjèèjì sì dúró ṣánṣán bí ògiri.

Ojú ògiri yẹn ni wọ́n tẹ́ irin sí. Ọkọ̀ méjì ló wà lórí rẹ̀, wọ́n ṣe inú wọn ní ìpele ìpele bí àtẹ̀gùn, kí èrò má baà ṣubú lé ara wọn. Okùn irin kan ló so wọ́n pọ̀, ó gba orí kẹ̀kẹ́ ńlá kan kọjá lókè. Bí ọ̀kan bá ti ń sọ̀, èkejì á máa gùn, wọn á sì yà fún ara wọn ní àárín méjì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sójú pátákó fún àwọn ọmọ, n kò sì fojú rí i rí. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo yíjú sí ọ̀tún kí n sọ fún ẹnì kan pé kó wò ó. Múínátù ló wà níbẹ̀, ó ń wo fóònù rẹ̀.

Àwọn onílé

Ọmọ mi ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn lédè Faransé. Mo wọ ọkọ̀ olókùn, mo kí gbogbo èrò. Wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n rọra dáhùn, lẹ́yìn náà wọ́n ti ojú wọn pa bí ilẹ̀kùn ilé ìfowópamọ́ ní ọjọ́ Àìkú. N kò tíì béèrè ilé, n kò tíì béèrè ọmọ. Ìkíni ti parí.

Ẹ mọ̀ pé lórí ọ̀sà tiwa, bí ọkọ̀ ojú omi méjì bá pàdé, tibí á kí tọ̀hún. Omi kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fi ìgbéraga ṣe. Nítorí náà, nígbà tí a dé ibi tí ọkọ̀ méjèèjì ti ń yà fún ara wọn, mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè, mo ní, “Ẹ kú ewu ọ̀nà o.” Obìnrin kan nínú ọkọ̀ kejì fa báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Ojoojúmọ́ ni mo ń kí wọn, ojoojúmọ́ ni báàgì sì ń sún mọ́ àyà. Mo pinnu pé màá kí wọn títí báàgì wọn á fi dé ọ̀fun.

Ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé Múínátù kọ lẹ́tà sí wa. Ó bu ọlá fún wa lókè lẹ́tà, ó bu ọlá fún wa nísàlẹ̀ rẹ̀, ohun tó wà láàárín ni pé ẹnì kan ń da omi ní bálùwẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Èmi ni, àlùwàlá ìrun Àsùbáà ni. Ní Ìkòròdú, bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń dún sí wa létí, a kì í kọ lẹ́tà. A máa ń ra tiwa tó pariwo jù ú lọ.

Ní ti oúnjẹ, wọ́n ní ọ̀dùnkún òyìnbó kan tí wọ́n ń se láìní iyọ̀, wọ́n á wá yọ́ wàràkàṣì lé e lórí, á máa fà bí ilá tó ti sùn. Òórùn rẹ̀ á bá ọ délé, á bá ọ sùn. Ẹni tó gbé e síwájú rẹ á tẹjú mọ́ ẹnu rẹ, ó sì gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ó dùn kí o tó gbé e mì. Mo sọ pé ó dùn. Mo ti parọ́ fún àwọn òbí ọmọ lọ́jọ́ ìpàdé ilé ìwé rí, èyí kò le tó o.

Ọjọ́ kẹta tí mo dé ni ìrù oṣù mẹ́ta náà jáde. Múínátù kó ìwé sórí tábìlì lẹ́yìn oúnjẹ. Ìwé pé kí n máa gbé ọ̀dọ̀ wọn títí ayé ni. Ọkọ rẹ̀, Táíwò, ọmọlúàbí tó máa ń mi orí sí ohun gbogbo, mi orí. Múínátù ní wọ́n á fi ilé Ìkòròdú sílẹ̀ fún ayálégbé. Mo ní ilé mi ni, ibẹ̀ ni mo fẹ́ padà sí.

“Kí lẹ lè dá ṣe nínú ilé yẹn, Bàbá? Ẹ sọ ẹyọ kan péré.”

Mo ronú. Mo ní mo lè tan jẹnẹrétọ̀. Ó ní Màmá ló ń tàn án. Òótọ́ ni. Mo ń di ìwé ìròyìn mú, ìyàwó mi ló ń fa okùn rẹ̀. Múínátù ní kí n máa rò ó, ṣùgbọ́n kí n fọwọ́ sí i kí ọjọ́ àbọ̀ mi tó pé.

Ohun tí wọ́n jù nù tí wọ́n tún ṣà

Ẹnì kan ṣoṣo tó ń bá mi sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ ni Màsẹ́ẹ̀lì, àgbàlagbà onírungbọ̀n tó ń ṣọ́ ìdíkọ̀ ọkọ̀ olókùn. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ó sì fẹ́ràn ọkọ̀ náà bí ẹni fẹ́ràn ẹṣin. Nígbà tó gbọ́ pé fisíìsì ni mo kọ́ àwọn ọmọ, ó fa àga fún mi.

Ó ní láyé àtijọ́, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ẹ̀yìn aláàárù ni ẹrù fi ń gòkè, wọ́n sì máa ń fi àga gbé àwọn olówó tí ikùn wọn ti yọ. Ìgbà tó yá ni ẹnì kan ro ọ̀rọ̀ okùn. Wọ́n ṣe àgbá sí ikùn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á rọ omi sínú ọkọ̀ tó wà lókè títí á fi wúwo ju ti ìsàlẹ̀, wọ́n á tú ìjánu, èyí tó wúwo á sọ̀, á sì fa èkejì gòkè. Bó bá dé ìsàlẹ̀, wọ́n á ṣí ìdí rẹ̀ kí omi dànù. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á lu agogo láti fi iye èrò hàn, ẹni tó wà lókè á sì mọ ìwọ̀n omi tó máa rọ. Kò sí èéfín, kò sí ẹ́ńjìnnì. Mo wá ohun tí mo lè fi bú wọn nínú rẹ̀, n kò rí.

Mo mọ ohun tí ẹ ń retí báyìí. Ẹ ń retí kí n sọ pé bí tọkọtaya ṣe rí nìyẹn, okùn kan, ọkọ̀ méjì. Oníwàásù á sọ ọ́, ẹ ó sì sunkún. Èmi kò sọ ọ́. Ẹni tó wúwo ló ń sọ̀, ó parí.

Àwọn ọmọ tó jogún ọkọ̀ náà ni mo rí bú. Nígbà tí mọ́tò dé, wọ́n ní nǹkan àwọn arúgbó ni okùn. Nílùú púpọ̀ wọ́n hú irin, wọ́n sọ ọkọ̀ di àlòkù. Màsẹ́ẹ̀lì mọ ọ̀kan tí wọ́n sọ di ilé adìẹ. Ní báyìí tí mọ́tò ti kún ojú ọ̀nà wọn dé ọ̀fun, tí èéfín sì ń mú wọn wúkọ́, àwọn ọmọ-ọmọ ti padà sídìí àpáta kan náà, wọ́n ń tẹ́ irin síbi tí bàbá wọn ti hú u. Wọ́n fi gíláàsì ṣe ojú rẹ̀, wọ́n fi iná mànàmáná fà á, àwọn èèyàn ńláńlá wá gé ọ̀já, wọ́n sì pè é ní ọgbọ́n tuntun. Mo bú wọn títí mo fi rántí ilé. Àwa náà fi ojú irin sílẹ̀ fún igbó, a sì jó nígbà tí wọ́n tún tẹ́ òmíràn. Ìyàtọ̀ wa ni pé àwọn rántí ibi tí ti àkọ́kọ́ wà.

Ti ìlú ọmọ mi yìí nìkan ni kò yí padà ní gbogbo agbègbè náà, omi ni wọ́n ṣì ń rọ sí i. Mo bi Màsẹ́ẹ̀lì ní ìwọ̀n omi, mo bi í ní bí òkè ṣe dúró ṣánṣán tó, mo bi í bí ìjánu ṣe ń mú un. N kò bi í níbi tí omi náà ti ń wá.

Omi tó ń ṣàn

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọjọ́ àbọ̀ mi pé. Múínátù sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú mi, ó rántí ohun kan tó gbàgbé sílé, ó ní kí n jókòó sí ìdíkọ̀, òun ń padà bọ̀, kí n má sì kúrò níbẹ̀. Ó bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń fi ọmọ sílẹ̀ ní jẹ́léósinmi. Àkókò ìrun Àsárì ti wọlé, ó tilẹ̀ ti ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kan dé ìsàlẹ̀, wọ́n ṣí ìdí rẹ̀, omi tó nípọn bí itan èèyàn tú jáde sínú ojú àgbàrá tí wọ́n fi òkúta tẹ́.

Wọ́n kọ́ wa nílé kéwú pé omi púpọ̀ tó ń ṣàn, tí àwọ̀ rẹ̀ kò yí, tí òórùn rẹ̀ kò yí, ó mọ́. Àwọ̀ rẹ̀ dára. Òórùn díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo kà á sí ti wàràkàṣì. Mo bọ́ bàtà, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo ká apá aṣọ, mo bẹ̀rẹ̀.

Màsẹ́ẹ̀lì sáré jáde, ó ń pariwo lédè Faransé, ó ń ju ọwọ́. Mo ní, áà, òun náà nìyí. Mo ti ka nípa irú wọn nínú ìwé ìròyìn, àwọn tí kò fẹ́ rí Mùsùlùmí níbi tó ti ń sin Ọlọ́run rẹ̀. Mo sì ti ń pè é lọ́rẹ̀ẹ́. Mo pinnu pé màá kọ́ ọ ní sùúrù. Mo ṣe àlùwàlá náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, orí-kèé-orí-kèé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ó di apá aṣọ mi mú. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi mú un kúrò. Nítorí tirẹ̀, mo tún padà ṣan ẹnu.

Orí ẹsẹ̀ òsì ni mo wà nígbà tí ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e gbé Múínátù dé.

“Bàbá, kí lẹ ń ṣe?”

“Àlùwàlá. Sọ fún ọkùnrin yìí kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀.”

Màsẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀ fún un, ó na ọwọ́ sí òkè, ó na ọwọ́ sí mi. Ọmọ mi fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Ṣé ẹ fi ṣan ẹnu?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, nítorí rẹ̀.”

“Bàbá, omi ṣáláńgá ni. Ti gbogbo ìlú òkè. Tiwa náà wà níbẹ̀. Wọ́n kàn sẹ́ ẹ ni.”

Ẹ jẹ́ kí n sinmi níbí kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ìlú tí wọ́n ti ń fi ọṣẹ fọ ojú títì, tí wọ́n ti kọ lẹ́tà sí mi nítorí omi bálùwẹ̀, ìgbẹ́ ara wọn ló ń gbé wọn lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, pẹ̀lú táì lọ́rùn. N kò fi wọ́n ṣẹ̀sín, mo júbà wọn. Tiwa ń lọ sínú ọ̀sà lójoojúmọ́ láìṣe iṣẹ́ kankan.

Màsẹ́ẹ̀lì mú mi wọ yàrá kékeré rẹ̀. Ó gbé omi gbígbóná wá, ọṣẹ, aṣọ ìnura tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já kúrò nínú ọ̀rá. Ó gbálẹ̀ fún mi, ó sì dá ọkọ̀ dúró títí mo fi ṣe tán. Àwọn èrò ń wo aago. Ní ilẹ̀ wọn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ọ̀sẹ̀ kan. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màsẹ́ẹ̀lì nínú ọkàn mi, nítorí n kò mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Faransé.

Mo kírun. Nígbà tí mo wà ní ìforíkanlẹ̀, mo rí bí ìyàwó mi ṣe máa gbé ìtàn yìí káàkiri Ẹ̀pẹ́, bó ṣe máa ṣe ìrìn mi, bó ṣe máa fi ẹnu mi sọ pé “ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, nítorí rẹ̀.” Ẹ̀rín pa mí. Kò tíì pa mí láti ọjọ́ ìsìnkú. Ẹ̀rín máa ń ba ìrun jẹ́, nítorí náà mo dìde, mo tún un kí láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn èrò sì tún wo aago.

Múínátù kò rẹ́rìn-ín. Inú ọkọ̀ tó ń gòkè ló ti bẹ̀rẹ̀, kò dúró kí a délé.

“Ẹ rí i báyìí? Bí mo bá fi yín sílẹ̀ ní Ìkòròdú, kí ni ẹ kò ní fi sẹ́nu? Ẹ máa fọwọ́ sí ìwé yẹn lónìí.”

“N kò ní fọwọ́ sí i.”

“Ẹ sọ ohun kan tí ẹ lè dá ṣe nígbà náà.”

“N kò mọ ẹyọ kan. Ìdí tí mo fi ń lọ nìyẹn.”

Ó wo ìta. Ọkọ̀ kejì dé, ó kọjá, n kò kí wọn.

“Màmá kò jẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe,” ó wí.

“N kò béèrè.”

N kò lè ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un nínú ọkọ̀ tó kún. Nínú ilé rẹ̀, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá síwájú mi, wọ́n sì ń gbé àwo lọ. Mo ti gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó ń gbé e wá ti kú, n kò sì mọ̀ títí dòní bóyá ó máa ń rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a délé, Múínátù ká ìwé náà sínú báàgì rẹ̀. Táíwò mi orí.

Àbọ̀

Àwọn aládùúgbò ní Ìkòròdú bi mí bóyá lóòótọ́ ni pé kò sí eruku lọ́hùn-ún. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ níwèé, tó ti di èèyàn ńlá, fẹ́ kí n wá ṣàlàyé ọkọ̀ olókùn fún àwọn kan tó ń wá ohun tí wọ́n á ṣèlérí fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìpakodò. Mo sọ irú omi tó ń wà á. Kò pè mí mọ́. Àǹtí Ràbí, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní Ẹ̀pẹ́, ránṣẹ́ pé òun ti rí ẹnì kan tó máa wá máa dáná, ará ilé ni, kò sì sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nínú rẹ̀. Mo dúpẹ́, mo ní kó ní sùúrù. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi jẹ búrẹ́dì. Ìkòkò, mo rí wọn. Abẹ́ àga ilé ìdáná ni wọ́n ti ń gbé látọjọ́ yìí.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo sọ̀ lọ sétí ọ̀sà. Obìnrin Ìlàjẹ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ẹja ẹ̀pìyà jáde nínú ọkọ̀, wọ́n ṣì ń jà. Mo ra méjì. Ó ti mú ọ̀bẹ kó tó bi mí bóyá kí òun bá mi ha á. Mo ní rárá, màá ha á fúnra mi. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

“Bàbá, ẹ̀yin? Ìyá ńkọ́?”

Mo sọ fún un. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni, lẹ́yìn náà ó la ikùn ọ̀kan nínú ẹja tirẹ̀, ó sì fi ìka hàn mí ibi tí òrónro wà, lábẹ́ ẹ̀dọ̀, ó ní àwọ̀ ewéko díẹ̀. Ó ní bó bá bẹ́, kí n má wulẹ̀ dáná, kò sí ata tó máa bò ó.

Mo jókòó sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ọpọ́n. Ìpẹ́ ta sí mi lójú, ó ta sí mi lírùngbọ̀n. Ti àkọ́kọ́ bẹ́. Mo jù ú fún ológbò aládùúgbò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yí padà. Mo mú èkejì. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí àga, Múínátù ni, ó mọ̀ pé ìgbà yẹn ni ebi máa ń pa mí. Mo jẹ́ kó dún. Ìka mi wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀, mo ń tú awọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, n kò mí dáadáa. Òrónro náà bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi lódindi, ó tutù, kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Mo gbé e sí etí ọpọ́n, jẹ́jẹ́, kí ó má baà bẹ́, kí n tó nu ọwọ́ mi mú fóònù.